Ohun Tí Bíríkìlà Mọ̀

Bíríkìlà ni mí, ní Yemẹtu.
Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń fi ìdí tírówẹ́ẹ̀lì kan ògiri,
tí mo ń tẹ́tí bóyá ó ṣófo nínú.
Mo gbọ́ ti ilé onílé.
Ti ọmọ mi ni n ò gbọ́.

Oyèlàmí. Ó kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ní Pólì.
Á dúró lórí Òkè Àrẹ̀mọ,
á máa ka òrùlé Ìbàdàn tó ti dógùn-ún
bí ẹni tó ń ka owó ara rẹ̀.
Lọ́jọ́ kan ó ní àwọn páànù náà ń pe òun lórúkọ.
Mo rẹ́rìn-ín.
Ọlọ́run, mo rẹ́rìn-ín.

Igbó ló kọ́kọ́ fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́,
kó tó kan oògùn ikọ́ inú ìgò,
kó tó kan hóró pupa tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kó wá láti Mọ́kọ́lá.
Ó ní fún wákàtí mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́.
Bí wákàtí mẹ́rin bá pé,
wọ́n á padà dé, wọ́n á kó ẹbí wọn dání.

A gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń mu nǹkan.
Wọ́n ní: ẹ kọ́kọ́ lọ wo ti orí yẹn ná.
A gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ti orí.
Wọ́n ní: ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ohun tó ń mu.
Láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, nínú òjò oṣù Agẹmọ,
ọmọ mi bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan,
ó ní kí n gbé e fún ẹni tó ń sunkún nínú gọ́tà.

Ìyá rẹ̀ ní ayé ló ṣe é.
Àbúrò mi ní òun mọ ibì kan tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wò ó.
Mo ní rárá.
Mo mọ ohun tí irin ń ṣe nínú ògiri:
á dógùn-ún, á wú,
á fọ́ ọ láti inú.

Dókítà Mosúnmọ́lá kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ.
Ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo sọ.
Ó ní, "Bàbá, bí ògiri ò lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́.
Ó ti wá lanu báyìí. Alángbá ti wọlé,
ó ti yé ẹyin, ó ti gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i.
Ṣé ẹ ó rẹ́ ògiri pa mọ́ alángbá nínú ni,
àbí ẹ ó máa lé alángbá, kí ihò máa wò yín?"
Ẹnu mi ò dáhùn.
Ọwọ́ mi ló ń rẹ́ afẹ́fẹ́ lórí orúnkún.

Ọjọ́bọ̀ ni tiwa. Yàrá kan, tábìlì kan.
Nọ́ọ̀sì Rábíyátù á ka oògùn tó ń rẹ ohùn sílẹ̀ sí i lọ́wọ́.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Jọláoṣó, tí òun náà mu ún rí,
á bi í pé: lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀melòó?
Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan.
Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Mọ́kọ́lá kú, ẹ̀ẹ̀mẹfà.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fún un lómi.
Wọn ò lé e.
Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún. Wọn ò lé e.

Oògùn ti mú un sanra, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
N ò lè fún un ní búlọ́ọ̀kù gbé,
okùn ìdiwọ̀n ni mo fún un, ní Akóbọ̀, Sátidé tó kọjá.
Ó wò ó títí. "Bàbá, ó tẹ̀ sápá ọ̀tún."
Lóòótọ́ ni. Mo wó ìlà mẹ́ta, mo tún un tò.
Mo wá bi í bóyá wọ́n ṣì ń pè é.

"Wọ́n ń pè," ó ní.
"Mo ní kí wọ́n dúró ná, okùn wà lọ́wọ́ mi."